Àwọn Ajínigbé Orí Kọ̀ǹpútà: Ta Ni Yóò Ṣílẹ̀kùn fún Wọn?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ohun ìkọ̀kọ̀ kò pamọ́ fún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kan gbogbo ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Àpápá, ó sì kan àwọn ará Ajégúnlẹ̀ tí ń ti ibẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́.

Àwọn ajínigbé kan wà tí kì í gbé ènìyàn. Àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tì pa, tí wọn yóò sì ní kí olówó rẹ̀ wá san owó ìtúsílẹ̀. Ransomware ni wọ́n ń pe irinṣẹ́ wọn. Bí ẹgbẹ́ kan bá túká, òmíràn yóò yọjú pẹ̀lú orúkọ titun. Nítorí náà, ọgbọ́n wọn ni kí á máa ṣọ́, kì í ṣe orúkọ nìkan.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2017, NotPetya kọlu ilé-iṣẹ́ Maersk, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀, APM Terminals, ń bójútó àpótí ẹrù ní èbúté Àpápá. NotPetya béèrè owó ìtúsílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó san án kò rí nǹkan gbà. Maersk tún kọ̀ǹpútà 45,000 tò, wọ́n sì pàdánù owó tí ó tó 250 sí 300 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù nínú àkọsílẹ̀ pàtàkì wọn, Gánà ni wọ́n ti rí i, nítorí pé iná mànàmáná ti lọ níbẹ̀ kí aburú náà tó dé. Òṣìṣẹ́ kan gbé e wá sí pápákọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì dé Bìrìtéènì láìsọnù.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Abnormal Security ti Amẹ́ríkà tú àṣírí ẹnìkan tí ó ní Nàìjíríà ni òun wà. Ó ń kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n fi ransomware sínú kọ̀ǹpútà ọ̀gá wọn, kí wọ́n sì gba ìpín 40 nínú 100 owó ìtúsílẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé olówó ni wọ́n ń jà lólè. Bí iṣẹ́ bá dúró ní èbúté, agbérù tí ń gba owó òòjọ́ ni ebi yóò kọ́kọ́ pa. Ìlérí wọn pàápàá kò ní láárí. Nígbà tí ọlọ́pàá Bìrìtéènì, Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn fọ́ ẹgbẹ́ LockBit ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n bá àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ti sanwó lọ́wọ́ wọn síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ọ̀gá fi lé ọ lọ́wọ́, àgbàfipamọ́ ni. Súrátù Nísáì, ẹsẹ 58, ti là á yé wa pé ti olówó rẹ̀ ni, kì í ṣe tiwa láti tà. Òfin Nàìjíríà ti 2015 lórí ìwà ọ̀daràn kọ̀ǹpútà náà kò sì dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ má ṣí ìwé tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí ibi tí kò so mọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí wọ́n bá sì fi owó lọ̀, kí ó tètè sọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń jẹ owó oṣù àwọn ọmọ yìí mọ́lẹ̀, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ẹ̀yin náà ni ẹ ń la ògiri.

Kí Ọlọ́hun fi halal rọ̀ wá lọ́rùn. Àmín.