Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ kó tó gba kọ́kọ́rọ́

Bí ọmọ wa bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Kétu tàbí ní Sakété, gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ṣe é. A ó mú un lọ bá ọ̀gá, a ó sọ̀rọ̀ owó, ọmọ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ gbígbá. Ó lè tó ọdún kan kí ọ̀gá tó jẹ́ kó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ oníbàárà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a ó pe ẹbí àti ará, a ó se oúnjẹ, ọmọ á gba òmìnira. Kò sí ẹni tó ń sọ pé ó ti pẹ́ jù, torí aṣọ olówó gọbọi ni àwọn èèyàn fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tí a ń pè ní directeur, ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi ń di ọ̀gá. Ìwé dé pé òun ni wọ́n yàn. Ó gun zémìjàn wọ abúlé wa pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ sí ibòmíràn ní tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo ọmọ wa láti CI títí dé CM2 ti wà lọ́wọ́ ẹni tí kò rí ẹnì kankan bi léèrè.

A kò sọ pé kò mọ̀wé o. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ olùkọ́ gidi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yàn wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Àjàṣẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò àti ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ oko ro dáadáa lè má mọ bí a ṣe ń pín ilẹ̀ ẹbí.

Ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ọ̀gá náà ṣì ní kíláàsì tirẹ̀ tó ń kọ́. Bó ṣe ń kọ̀wé sójú pátákó, àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ kantíìnì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó wá ṣí yàrá oúnjẹ, kó wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí kò bá kọ ọ́, tó bá di ọjọ́ kan tí àpò kan dín, òun ni wọ́n máa pè lólè. Láti ọdún 2006 tí ìjọba ti ní kí a má ṣe san owó ilé ẹ̀kọ́ mọ́, owó tí ìjọba ń fún ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀gá fi ń ra ṣọ́ọ̀kì àti ìwé. Owó náà kì í tètè dé nígbà mìíràn, ó sì gbọ́dọ̀ jíhìn rẹ̀ dé orí fránkì kan. Olùkọ́ kan tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí ń pẹ́ wá síṣẹ́: báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe ń bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọmọdé? Bó bá sì jẹ́ obìnrin ni wọ́n yàn, ti abúlé á tún kún un, àwọn kan á máa bi í pé ọkùnrin tó ni ilé ẹ̀kọ́ dà.

Èyí tó dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ ìwé ọjọ́ ìbí. A mọ abúlé kan lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà tí ọ̀gá tuntun dé sí. Ó kọ́ àwọn ọmọ CM2 dáadáa, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ìgbà tó tó àkókò láti fi orúkọ àwọn tó máa ṣe ìdánwò CEP ránṣẹ́ ló tó rí i pé ọmọ mẹ́ta kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Ó máa ń béèrè ìwé náà ní CI, ó sì ń kọ orúkọ àwọn tí kò ní in sínú ìwé kékeré kan, kó lè máa rán àwọn òbí létí lọ́dọọdún. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ìwé kékeré náà wà. Ẹni tuntun rí i, kò mọ ohun tó wà fún.

Nígbà tí ọmọ bá ti dàgbà báyẹn, a ò lè kàn lọ sí mẹ́rì ká sọ pé a bímọ. Ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ ń dé, ẹlẹ́rìí, owó ọkọ̀, ẹ lọ ẹ padà wá. Méjì nínú wọn rí i gbà. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọbìnrin, bàbá rẹ̀ wà lókè ọ̀hún ní Nàìjíríà, ìyá rẹ̀ ń ta gàrí. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò, ó jókòó sílé. Wọ́n ní kó tún ọdún náà ṣe. Ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ máa fi wọlé padà, ìdí gàrí ni a ti rí i, ó ń yan án pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

A kò bú ọ̀gá náà. Ta ló kọ́ ọ? Àwa òbí náà kò sì mọ́ nínú rẹ̀, a mọ ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí olùkọ́ bá na ọmọ wa, a kì í mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bá ní ká mú ìwé wá.

Àwọn kan máa sọ pé owó kò sí, olùkọ́ pàápàá kò tó. Òótọ́ ni. Torí náà ni ìjọba ṣe ń gba àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní aspirants síṣẹ́ láti ọdún 2019. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń wò? Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni. Bí òun náà bá dé lánàá, ọmọ iṣẹ́ ló ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ yẹn. Bí ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá sì wà fún un, ọjọ́ mélòó ni? Ìpàdé kò lè fi bí a ṣe ń pa ìjà òbí méjì hàn án. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni a ti ń kọ́ ọ.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n tètè yan ẹni náà, kó lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá àtijọ́ kan nítòsí, kó máa wo bó ṣe ń ṣí yàrá oúnjẹ, bó ṣe ń gba àlejò, bó ṣe ń kọ ìwé owó. Kí ẹni tó ń lọ má ṣe lọ kí ẹni tó ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n jọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà lójú ẹgbẹ́ òbí, kó sọ ohun tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà fún. Bí oṣù díẹ̀ bá sì pọ̀ jù fún ìjọba, àwọn ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì kún Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu, wọ́n ń ta ayò lábẹ́ igi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á dìde bí a bá pè wọ́n, bí a bá ti lè wá owó zémìjàn fún wọn.

Kí ìjọba tó dá wa lóhùn, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní CI lọ ṣí àpótí rẹ̀ lálẹ́ òní, kó wò ó bóyá ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ náà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, kó lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọ̀la, kó má dúró de ìgbà tí wọ́n máa pè é.