Kì Í Ṣe Nǹkan Kan Náà Ni Gbogbo Tíkẹ́ẹ̀tì

Àsìkò ìsinmi ti dé tán. Àwọn tí wọ́n ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní Ìlú Ọba ti ń di ẹrù: èlùbọ́ wà níhìn-ín, ẹ̀gúsí wà lọ́hùn-ún. Ìmọ̀ràn kan wà tí ó máa ń bá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rìn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹgbẹ́ mi ní yunifásítì pàápàá. Wọ́n á ní: "Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀ láti ilé. Èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù ni kí ẹ mú. Nǹkan kan náà ni gbogbo wọn."

Mo fẹ́ ta ko ìmọ̀ràn yìí lónìí. Irọ́ ni pé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ní Ìlú Ọba, àdéhùn ni ó rà, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ inú ìwé ni a sì fi ń ṣe àdéhùn. Bí ẹni náà kò bá mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, owó tí ó rò pé òun ti fi pamọ́ lè di owó ìtanràn kí oòrùn tó wọ̀.

Èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà láti inú èdè ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ náà kó oríṣiríṣi orúkọ tí tíkẹ́ẹ̀tì wọn ń jẹ́ jọ sábẹ́ orúkọ mẹ́ta pàtàkì: Anytime, Off-Peak àti Advance. Wọ́n ní kí ó lè rọrùn fún èrò ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a mọ̀ bóyá ó rọrùn lóòótọ́.

Èkíní ni Anytime, èyí tí a lè pè ní tíkẹ́ẹ̀tì ìgbàkúùgbà. Orúkọ yìí kò purọ́ nípa àsìkò. Yálà ní òwúrọ̀ ni o, yálà ní alẹ́ ni o, ẹni tí ó ni ín lè wọ ọkọ̀ tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ìgbàkúùgbà kò túmọ̀ sí ibikíbi. Ìlà kan wà lára tíkẹ́ẹ̀tì náà tí ó ń sọ ọ̀nà tí a gbọ́dọ̀ gbà. Nígbà mìíràn wọ́n á ní ọ̀nà yòówù tí òfin bá fàyè gbà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á dárúkọ ìlú kan tàbí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì kan lè má gbà ju ọ̀nà kan lọ.

Èkejì ni Off-Peak. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni ìgbà tí èrò kò pọ̀. Ọmọ Yorùbá kò nílò olùkọ́ kí èyí tó yé e: gbogbo wa ni a mọ̀ pé iye tí wọ́n ń ta tòmátì ní òwúrọ̀ kọ́ ni wọ́n ń tà á nígbà tí ọjà bá ń tú. Ìbéèrè ni pé, aago mélòó ni èrò kì í pọ̀? Orúkọ náà kò sọ. Ní London, fún àwọn tí wọ́n ń fi káàdì kan ẹ̀rọ láti san owó ọkọ̀, aago 6:30 sí 9:30 òwúrọ̀ àti aago 4 sí aago 7 ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ni ìgbà tí èrò pọ̀. Bí ẹ bá ti ń kúrò ní London lọ sí ìlú mìíràn, òfin náà yàtọ̀. Ó lè yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn, kódà láti ibùdókọ̀ kan sí èkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ó kan òun gbọ́dọ̀ lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kí ó bi ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ó yẹ kí àdéhùn tí ó wà láàrin òǹtajà àti àlejò dà bí ìlù àgídìgbo?

Ẹ̀kẹta ni Advance, òun gan-an ni ó ń tan ènìyàn jù. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò rò pé ohun tí a rà sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ni. Rírà sílẹ̀ kọ́ ni kókó rẹ̀, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà wọ́n ń tà á ní ọjọ́ ìrìn-àjò gan-an. Kókó rẹ̀ ni pé ọkọ̀ kan ṣoṣo, ní aago kan ṣoṣo, ni ó wà fún. Bí ẹ bá pẹ́ tí ọkọ̀ yẹn sì lọ, owó yín ti bá a lọ. Ẹ kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà láti kí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá yí ọkàn padà, wọn kì í dá owó rẹ̀ padà. Kìkì pé ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó gbéra, ẹ ó sì san àlékún. Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Yorùbá, n ó pè é ní tíkẹ́ẹ̀tì àdèmọ́kọ̀, nítorí pé ńṣe ni wọ́n dè yín mọ́ ọkọ̀ kan. Bí wọ́n bá kọ "àdèmọ́kọ̀" gàdàgbà sí i lára, ta ni yóò rà á láìbéèrè ìbéèrè?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ là á yé ara wa. Ká ní ìyá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn, tí ó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Leeds. Bàálù rẹ̀ yóò balẹ̀ sí Heathrow ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ọmọ rẹ̀ sì ti ra àdèmọ́kọ̀ aago mẹ́sàn-án fún un láti King's Cross. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n bàálù lè pẹ́ kí ó tó gbéra ní Ìkẹjà. Ìlà àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹ páásípọ́ọ̀tù wọn wò lè gùn bí ìlà elépo. Ẹrù lè pẹ́ jáde, àwọn aṣọ́bodè sì lè ní kí Màmá tú àpò èlùbọ́ rẹ̀ kí àwọn wò ó. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ láti Heathrow dé King's Cross tún tó nǹkan bí wákàtí kan. Bí Màmá bá dé ibẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ta ni yóò bẹ̀? Pípẹ́ bàálù kò kan iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, nítorí pé bàálù kò sí nínú àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni yóò rà, ní iye tí wọ́n bá ń tà á lójú ẹsẹ̀.

Ká ní Màmá kò sì mọ̀, tí ó kàn wọ ọkọ̀ tí ó tẹ̀ lé e nítorí pé Leeds náà ni ó ń lọ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Láti ọjọ́ 23 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2023, owó ìtanràn lórí ọkọ̀ ojú irin ní England ti kúrò ní 20 pọ́n-ùn, ó ti di 100 pọ́n-ùn, wọn ó sì tún gba owó ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá san án láàrin ọjọ́ 21 ni wọ́n ń gba 50 pọ́n-ùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ ń parí sórí ìtanràn. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, gbogbo ilẹ̀ náà gbọ́ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí 1.90 pọ́n-ùn. Tíkẹ́ẹ̀tì Anytime ni ó rà o! Ṣùgbọ́n ó lo káàdì ẹ̀dínwó, káàdì náà sì ní òfin tirẹ̀ nípa iye tí owó ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ní òwúrọ̀. Ariwo àwọn ènìyàn ni ó jẹ́ kí iléeṣẹ́ náà jáwọ́ nínú ẹjọ́ ọ̀hún.

Oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Ògún ọdún 2024, adájọ́ àgbà àwọn ilé ẹjọ́ Májísíréètì ní England àti Wales ti kéde pé òfo ni nǹkan bí 74,000 ẹjọ́ tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin pe èrò. Ìdí ni pé wọ́n gbé ẹjọ́ wọ̀nyẹn gba ìlànà kíákíá tí adájọ́ kan fi ń dá ẹjọ́ láìsí pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yọjú, bẹ́ẹ̀ ni òfin kò fún wọn láyè láti lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó wò. Fọ́ọ̀mù físà a máa béèrè bóyá ilé ẹjọ́ ti dá ènìyàn lẹ́bi rí. Ẹni tí ó wá ṣe ìsinmi kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì kan pọ́ọ́kú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, "Ọ̀mọ̀wé, owó ni kò sí. Ẹ wo iye tí a ń fi náírà ra pọ́n-ùn kan. Àdèmọ́kọ̀ lè má tó ìdajì owó èkejì." Mo gbà, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa ná ìnákúnàá. Ẹni tí ó ti sùn ní London fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ó fẹ́ lọ wo Edinburgh ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ó sì mọ aago tí yóò jáde nílé, kí ó ra àdèmọ́kọ̀ tayọ̀tayọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ọjọ́ bá ṣe dáni lójú tó ni kí a fi mọ tíkẹ́ẹ̀tì tí a ó rà. Ọjọ́ tí a ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù kì í dáni lójú. Ní ọjọ́ yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì tí kò de ènìyàn mọ́ ọkọ̀ kan ni ó tọ́, owó orí rẹ̀ sì ni owó ìfọ̀kànbalẹ̀.

Bí owó bá sì jẹ́ ìṣòro, àwọn ọ̀nà tí ó mọ́ wà láti dín in kù. Àlejò náà lè ra Railcard. Láti oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, 35 pọ́n-ùn ni wọ́n ń ta ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ọdún kan, ó sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó ọkọ̀. Ẹni tí ó ti pé ọgọ́ta ọdún ní tirẹ̀. Ènìyàn méjì tí wọ́n jọ ń rìn ní tiwọn. Ìdílé tí ó ní ọmọdé ní tiwọn. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí gbogbo owó ọkọ̀ yín láàrin ìsinmi bá ti ju 105 pọ́n-ùn lọ, káàdì náà ti san owó ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kì í sanwó, àwọn tí wọ́n wà láàrin ọdún 5 sí 15 sì ń san ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹ ka òfin káàdì náà pẹ̀lú. Ẹ má gbàgbé ọ̀dọ́mọkùnrin 1.90 pọ́n-ùn.

Ẹ̀bi náà kò tán sọ́rùn àlejò. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó sì gbé òfin pamọ́ sí ibi tí àlejò kò lè rí i, kì í ṣe olóòótọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ mú un rọrùn, òmìnira èrò ni wọ́n ń gé kúrú. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, iléeṣẹ́ LNER bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tí wọ́n fi yọ Off-Peak kúrò láàrin London àti Newcastle, Berwick àti Edinburgh. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó gba èrò láyè láti wọ ọkọ̀ tí ó ṣáájú tàbí tí ó tẹ̀ lé tirẹ̀ láàrin 70 ìṣẹ́jú péré. Wọ́n pè é ní ìrọ̀rùn. Ìrọ̀rùn fún ta ni? Lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ náà ń gba àwọn iléeṣẹ́ tí ń kó èrò padà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àtúnṣe lóòótọ́, kí wọ́n kọ aago tí tíkẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ sí i lára, kí wọ́n sì fi ohun tí ó ń de èrò sọ tíkẹ́ẹ̀tì lórúkọ.

Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun ni mo fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ẹ má kàn fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá àti ìyá yín kí ẹ sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ fi èdè Yorùbá tí ó yé wọn sọ ohun mẹ́ta: ọkọ̀ wo ni ó wà fún, aago wo ni kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, àti ohun tí wọn yóò ṣe bí bàálù bá pẹ́. Ẹ̀yin òbí, bí wọn kò bá sọ ọ́, ẹ bi wọ́n. Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀rọ̀ inú tíkẹ́ẹ̀tì náà rí bẹ́ẹ̀, kò ṣeé kó padà lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbéra.

Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire o. Ó dìgbà kan ná.