Ìrù T. rex kì í wọ́ nílẹ̀

1/ Ẹ fara balẹ̀ o, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Egungun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe egúngún, kí onílù máa sinmi. Egungun dáínósọ̀ oníke ni. Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni wọ́n fún àbúrò mi lórí rẹ̀ níléèwé, èmi sì gbà pé ó yẹ kó gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

2/ Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Nígbà tí àbúrò mi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àǹtí wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi egungun T. rex kan ránṣẹ́ sí i. Wẹ́wẹ́ ló wà nínú páálí, ìwọ fúnra rẹ lo máa tò ó pọ̀. A tò ó tán lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ríran. Inú ọmọ dùn gan-an.

Èmi ń wò ó, mi ò sọ̀rọ̀. Ó dúró ṣánṣán bíi sójà tó ń ṣọ́ géètì. Ìrù rẹ̀ wọ́ nílẹ̀ gbọọrọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọjú sílẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ funfun báláú.

3/ Ìdúró yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1915, American Museum of Natural History ní New York gbé egungun T. rex kan dúró bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: orí lókè, ìrù nílẹ̀. Ìwé ọmọdé ya tiwọn bẹ́ẹ̀, fíìmù ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe nǹkan ìṣeré náà tẹ̀ lé e.

Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ tún un wò. Ipasẹ̀ àwọn dáínósọ̀ wà lára òkúta káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn rí ojú ibi tí ìrù ti wọ́ nílẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, kí ìrù tó lè ká bẹ́ẹ̀, àfi kí oríkèé rẹ̀ yẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, mùsíọ́mù yẹn kan náà tú egungun wọn palẹ̀, wọ́n tún un tò: ẹ̀yìn tẹ́ lọ síwájú, ìrù wà lókè.

4/ Tó bá ṣòro láti fọkàn yàwòrán rẹ̀, ẹ wo adìyẹ tó ń rìn ní àgbàlá yín. Ṣé ó ń dúró ṣánṣán bí èèyàn? Àwọn ẹyẹ ni ìran dáínósọ̀ tó ṣẹ́ kù láyé. T. rex dà bí òṣùwọ̀n: orí ńlá lápá kan, ìrù wíwúwo lápá kejì, ìbàdí láàárín. Ẹ bá mi gbé ìrù yẹn sílẹ̀, ẹ ti da òṣùwọ̀n rú nìyẹn.

5/ Bí mo ṣe mú bíléèdì nìyẹn. Mo gé ìbàdí rẹ̀, mo tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, mo fi gúlùù lẹ̀ ẹ́ padà. Mo ki ìrù bọ omi gbígbóná títí tó fi rọ̀, mo wá nà án tààrà. Ó ń ṣubú lulẹ̀ ṣáá, torí náà mo ki wáyà gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, mo sì kàn án mọ́ pákó.

Ọwọ́ ló kàn. Mo yí i kí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kọjú síra wọn, bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́. Bí ọwọ́ wọn ṣe wà nìyẹn.

6/ Nǹkan kan wà tí kò sí nínú páálí rárá: eegun ikùn. T. rex ní àwọn eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá, yàtọ̀ sí eegun ìhà. Kódà Sue, T. rex olókìkí tí wọ́n rí ní South Dakota ní 1990, tó wà ní Field Museum ní Chicago, kò ní i lára nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta ní 2000. Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sí yàrá tuntun ní 2018 ni wọ́n tó tò ó mọ́ ọn. Ikùn rẹ̀ wá tóbi sí i lójú.

Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni mo fi ṣe ti àbúrò mi. Màmá mi ṣì ń wá ẹni tó tú ìgbálẹ̀ òun.

7/ Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ńkọ́? Ohun tó ti wà nínú ilẹ̀ fún mílíọ̀nù 66 ọdún ó kéré tán kò lè funfun bí eyín. Ohun tó wà nínú òkúta ti wọnú eegun náà, òun ló ń fún un láwọ̀. Sue dúdú rẹ́súrẹ́sú bí igi àtijọ́. Mo po ọ̀dà búráùn mọ́ omi, mo fi kun gbogbo ara rẹ̀, mo fi àkísà nù ún kí dúdú lè kù sínú kòtò eegun.

Ṣùgbọ́n mi ò kun ẹyọ ìgbálẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó mọ èyí tó bá páálí wá àti èyí tí mo fọwọ́ ara mi fi kún un. Orí Sue tó jẹ́ ojúlówó lé ní kílò 250, ó wúwo jù fún irin tó gbé e dúró. Ẹ̀dà orí ni wọ́n fi sọ́rùn rẹ̀, wọ́n gbé ojúlówó síbòmíì, wọ́n sì sọ fáyé. Ohun tí mo ń pè ní òótọ́ nìyẹn. Kì í ṣe kéèyàn fi ọ̀dà pupa kun eyín rẹ̀ kó lè bani lẹ́rù.

8/ Àbúrò mi wá gbé e lọ síléèwé. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Àǹtí tíṣà wọn ní kò jọ èyí tó wà nínú ìwé, pé ó ti tẹ̀. Ọmọ sunkún dé ilé. Ó ní, “Àǹtí mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, torí mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó mú bíléèdì. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo ti bẹ̀ ẹ́.

9/ Mi ò bínú sí tíṣà wọn. Ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Ohun tó ń dùn mí ni ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà mú bọ̀: pé ohun tó bá ti wà nínú ìwé, kò ṣeé tún yẹ̀ wò. Mùsíọ́mù tó fi egungun yẹn han gbogbo ayé fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún gbà pé àwọn ṣì í gbé, wọ́n sì tún un ṣe lójú gbogbo èèyàn. Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kí ló wá dé tí ìwé kíláàsì ò lè kọ́gbọ́n?

10/ Àwọn kan máa ní, “Ìṣeré ọmọdé lásán, kí lo ń pariwo sí?” Ẹ gbọ́ ná. Ìṣeré lọmọ fi ń kọ́ ayé. Ọmọ tó bá ti mọ̀ lónìí pé wọ́n lè tún dáínósọ̀ tò, ó lè béèrè lọ́la pé, “Báwo lẹ ṣe mọ̀?” Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ nílé wa, kó dà bó bá máa yọ mí lẹ́nu.

11/ Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, a jẹ adìyẹ. Àbúrò mi ń tú eegun àyà rẹ̀ wò, ó rí eegun oníga méjì yẹn. Mo sọ fún un pé T. rex náà ní irú rẹ̀. Ó sáré lọ wo tirẹ̀, kò bá a níbẹ̀.

Ó ní, “Àǹtí mi, bíléèdì dà?”

Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló gé e.