LẸ́YÌN ORÍ ÒKÈ ŃKỌ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ń wọkọ̀ ní Adó-Èkìtì, tí a ń gba Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọ̀kọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí a sin Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959. Àwọn mìíràn a lọ gbàdúrà ní Ìkéjì-Arákejì. Agbára ni a ń wá. Ó dára.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúwa pè é ní 1928, kò sí lórí òkè. Ẹnu iṣẹ́ ló wà, ó ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì. Ìpè náà gbé e wọ inú ààwẹ̀ àti àdúrà; àdúrà sì rán an sí àárín ènìyàn, títí dé ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930.

Ẹni tí ó fi owó ilé-ìwé ọmọ wọkọ̀, tí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ 3, tí ó délé tí kò bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ló mú bọ̀? Jésù pàápàá lọ sí aginjù láti gbàdúrà (Lúùkù 5:16), ó sì padà wá wo arọ sàn.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ parí ìjà ilé. Olúwa yóò bá wa lọ, yóò sì bá wa bọ̀. Àmín.