Éjẹ́ńtì Tó Ní Owó Kékeré Ni Òun Á Gbà: Ta Ló Ń Jèrè?

  

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ìyá kan láàárín wa ní òun fẹ́ ta ilé tí ọkọ òun fi sílẹ̀, kí òun lè pín nínú owó náà fáwọn ọmọ, kí òun sì fi ìyókù kún ọjà. Éjẹ́ńtì méjì ló ti wá bá a. Ọ̀kan ní náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni òun á gbà. Ìkejì ní náírà méjì péré ti tó òun. Kíá, gbogbo wa ti pariwo: "Ẹ gbé e fún ẹni tó ní méjì, jàre!" Èmi náà jókòó síbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Ojú ló ń tì mí. Mo ti gba ọ̀nà yẹn rí, mo sì mọ ibi tó já sí. Ohun tí n kò lè sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níbí.

Lọ́dún 2019, mo fẹ́ ta ilẹ̀ kan tí èmi àti ọkọ mi jọ rà. Owó ilé-ìwé ọmọ ló dé. Éjẹ́ńtì kan tó ní ọ́fíìsì ní òun á gba márùn-ún. Mo ní, "Márùn-ún kẹ̀! Lórí kí ni?" Ẹlòmíràn tí wọ́n mú wá bá mi ní méjì ni òun á gbà. Ó ní, "Mummy, iye wo lẹ fẹ́ kó tẹ̀ yín lọ́wọ́?" Mo ní mílíọ̀nù 8. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi kó mílíọ̀nù 8 wá. Mo fún un ní N160,000 tirẹ̀, mo tún ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, mo ń ṣàdúrà fún un. Ìwé tó ní kí n fọwọ́ sí, n kò tiẹ̀ yẹ iye tó wà nínú rẹ̀ wò. Ẹni tó ra ilẹ̀, n kò rí i sójú.

Ní ọdún kejì, mo gba iwájú ilẹ̀ náà kọjá, mo rí baba tó ń kọ́lé síbẹ̀, mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Ó ní, "Ìyá, ilẹ̀ yín yìí, mílíọ̀nù 9 àtààbọ̀ ni mo fi rà á, ó kù díẹ̀ kó pa mí." Ẹnu mi kò lè pa dé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní mo gbé e fún ẹni tó ní márùn-ún, tó sì sòótọ́, á gba N475,000 nínú mílíọ̀nù 9 àtààbọ̀, N9,025,000 á kù fún mi. Èmi tí mo gbọ́n, N7,840,000 ló kù sí mi lọ́wọ́. Mo sá fún N315,000, mo pàdánù N1,185,000.

Ẹ má rò pé mo ń polówó fáwọn tó ń gba márùn-ún o. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ẹlúbọ́ gbé ilé rẹ̀ fún ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i pé fún oṣù mẹ́fà, ẹlòmíràn kankan kò gbọ́dọ̀ bá a ta ilé náà. Wọ́n gbé bóòdù síwájú ilé, ó tán. Ẹnì kan kò wá wo ilé. Nígbà tó yá, aládùúgbò rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló rà á. Éjẹ́ńtì mú ìwé jáde, ó ní owó òun dà. Ọ̀rẹ́ mi san án, torí ó ti fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé ìbéèrè tí a ń bi wọn gan-an ni kò dára. A ń bi wọ́n pé, "Èló lẹ máa gbà?" Ohun tó yẹ ká bi wọ́n ni pé, "Kí lẹ máa ṣe, báwo ni màá sì ṣe rí iye tí ẹni tó fẹ́ rà á fẹ́ san?"

Àwa tí à ń tajà, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ẹ ń fún ọmọ tó ń kiri ní aṣọ, ẹ ní kó mú N5,000 wá, ìyókù di tirẹ̀. Kò sí wàhálà níbẹ̀, torí ẹ mọ iye tí aṣọ náà ń lọ lọ́jà lónìí. Ṣùgbọ́n ilé ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ta ilé láyé. A kò mọ iye rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iye ọjà rẹ̀, tó wá sọ fún alágbàtà pé kó mú báyìí wá, ó ti sọ ọjà náà di ti alágbàtà.

Ọmọ mi tó wà ní London ní lọ́hùn-ún, àwọn éjẹ́ńtì olówó kékeré wà, àwọn èèyàn sì ń lò wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní England, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ilẹ̀ máa ń gbé iye tí wọ́n ta ilé jáde fún gbogbo ayé láti rí. Ẹ lè wo iye tí wọ́n ta ilé tó tẹ̀ lé tiyín. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹnu éjẹ́ńtì la ti ń gbọ́ iye. Ibi tí iye ọjà bá ti hàn gbangba ni éjẹ́ńtì olówó kékeré ti dára.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ká ní ilé yín tó mílíọ̀nù 20, ẹnì kan wá dá mílíọ̀nù 18 lónìí. Bí ẹ bá gbà, mílíọ̀nù 2 ti lọ lọ́wọ́ yín. Èló ló lọ lọ́wọ́ éjẹ́ńtì tó ń gba márùn-ún? N100,000 péré. Ṣé ẹ rí i pé kò ní pẹ́ tí á fi máa sọ pé, "Mummy, ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀"? Tẹni tó ń gba méjì tún burú jù, N40,000 ni tirẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ kọ́kọ́ mọ iye ọjà yín. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ dídíyelé ilé àti ilẹ̀ wà, òfin ọdún 1975 ló dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, ESVARBON. Ẹ sanwó fún ọ̀kan nínú wọn kó wo ilé náà. Ní Èkó, LASRERA náà ń forúkọ àwọn éjẹ́ńtì sílẹ̀, ẹ béèrè bóyá tiyín wà níbẹ̀.

Ìkejì, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: iye tó wà nínú ìwé ẹni tó rà á ni wọ́n máa fi ṣírò owó éjẹ́ńtì, kò sì gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ lé e lórí. Kí owó wọ àkáǹtì tiyín tààrà. Kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń rà á jọ jókòó níwájú lọ́yà tiyín. Kí àdéhùn má kọjá oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ọ́ pé bí ẹ̀yin fúnra yín bá rí ẹni tó rà á, owó éjẹ́ńtì kò sí níbẹ̀.

Ìkẹta, ẹ jẹ́ kí èrè yín jẹ́ èrè tirẹ̀. Ẹ ní, "Dé mílíọ̀nù 20, gba mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó bá lé, gba mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀." Ẹ ó rí bí á ṣe sáré.

Ìyá wa tó fẹ́ ta ilé ọkọ rẹ̀, ohun tí mo rí sí tiyín nìyí. Bó bá jẹ́ pé ayálégbé yín tàbí aládùúgbò ti wà ńlẹ̀ tó fẹ́ rà á, tí ẹ sì ti mọ iye rẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó ní méjì, torí ìwé nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tíì rí ẹni tó máa rà á, tí ẹ kò sì mọ iye rẹ̀, ẹ mú ẹni tó ní márùn-ún, kí ẹ nájà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì ní kó sọ iṣẹ́ tó máa ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó pe èyíkéyìí, ẹ gba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ lórí ogún, kí àwọn ọmọ sì fohùn sí i. Kò sí éjẹ́ńtì tó lè bá yín tún ìyẹn ṣe bó bá bàjẹ́.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, kó dìde ní ìpàdé tó ń bọ̀, ká jọ sọ ọ́. Mo ti jẹ́wọ́ tèmi. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa kó iṣẹ́ ọdún gbọọrọ fún ẹlòmíràn jẹ. Ire o.