Ẹ Wá Ibi Tó Ń Jò Kí Ẹ Tó Rọ Gáàsì: Lẹ́tà sí Àwọn Tó Ń Tún Ẹ̀rọ Amúlétutù Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé àpò irinṣẹ́ tẹ̀lé wọn,  iṣẹ́ yín kì í ṣe iṣẹ́ kékeré ní ìlú bíi Èkó àti Ìbàdàn, níbi tí ooru kì í ti í jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ sùn. Nítorí mo mọ iyì iṣẹ́ náà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí ní gbangba.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Bí ẹ̀rọ kò bá tutù mọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń bi onílé: “Ìgbà wo lẹ rọ gáàsì sí i gbẹ̀yìn?” Ẹ ó so gééjì mọ́ ọn, ẹ ó rọ gáàsì, ẹ ó gbowó, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Onílé á wá gbà pé ọdọọdún ló yẹ kí òun máa ra gáàsì, nítorí ẹ̀yin tó gbẹ́kẹ̀ lé kò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Gáàsì inú amúlétutù kò dà bí epo bẹntiróòlù. Ẹ̀rọ kì í jó o tán. Inú páìpù kan náà ló ń yí ká, tó ń gba ooru nínú yàrá, tó ń lọ tú u dà síta. Bí páìpù bá pé, gáàsì ọjọ́ àkọ́kọ́ lè wà níbẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi gbó. Bó bá dín, ó jò ni. Ẹ sì mọ àwọn ibi tó máa ń jò: ìdí nọ́ọ̀tì tí wọn kò tẹ ẹnu kọ́pà rẹ̀ dáadáa tàbí tí wọ́n fún jù, ojú ibi tí wọ́n jó, ibi tí páìpù ti ń ha ara irin, àti kọ́ìlì tí ìpẹtà ti jẹ, àgàgà ládùúgbò tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ihò yẹn ni ẹ̀tẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ omi tó ń kán sára ògiri. Ẹ ó fẹ́ atẹ́gùn sínú hóòsì, ẹ ó nu ògiri, ẹ ó lọ. Afẹ́fẹ́ wa kún fún ọ̀rinrin. Bó bá kan kọ́ìlì tútù, omi ló ń dà. Lásìkò òjò, ẹ̀rọ HP 1.5 lè fa omi tó lítà kan jáde láàárín wákàtí kan. Kí ló dé tí omi náà kò gba ọ̀nà rẹ̀ lọ? Ṣé hóòsì da orí kodò látòkèdélẹ̀, àbí ó wọ́ ikùn níbì kan? Ṣé ẹnu rẹ̀ ti rì sínú kẹ́ẹ̀gì tó kún? Ṣé asẹ́ ti dí? Ṣé ẹ fi fóòmù wé páìpù tútù dénú ògiri, àbí ìhòòhò ló wà tó ń làágùn? Ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ló dín: kọ́ìlì á di yìnyín, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, yìnyín á yọ́, àwo omi á kún, á sì dà sílé. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ hóòsì nìkan kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Ògiri tó ń tutù lójoojúmọ́ á bu, á dúdú, ẹni tí èémí rẹ̀ kì í já geere á sì máa jìyà nínú yàrá náà.

Omi kan tún wà tí ojú kì í rí. Bí ẹ bá ń gbé ẹ̀rọ tuntun kọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń tú gáàsì díẹ̀ dànù láti fi lé afẹ́fẹ́ jáde, dípò kí ẹ lo ẹ̀rọ fákúùmù. Ọ̀rinrin tó ṣẹ́kù á pò mọ́ ọ́ìlì, á di ásíìdì, á sì máa jẹ wáyà inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á jó, ẹ ó ní iná mànàmáná ló bà á jẹ́.

Náítírójìn gbígbẹ ni kí ẹ fi dán páìpù wò, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìsopọ̀. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ má ṣe lo ọ́síjìn tí ẹ fi ń jó irin láé, torí bó bá pàdé ọ́ìlì inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ó lè bú gbàmù, kó sì pa ènìyàn. Ẹ rántí pé gáàsì R32 àti R290 lè gbiná. Ẹ kó wọn kúrò nínú páìpù kí ẹ tó tanná sí i.

Gáàsì tó ń jò ń ba ayé jẹ́ pẹ̀lú. R22 ń jẹ ìbòrí ósóònù tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn. Láti dáàbò bo ìbòrí náà ni Nàìjíríà ṣe fọwọ́ sí àdéhùn Montreal lọ́dún 1988. R410A kò jẹ ósóònù, ṣùgbọ́n láàárín 100 ọdún, kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ju 2,000 kílò kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáìdì lọ.

Ẹ ó ní oníbàárà kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò. Òótọ́ ni, àwa oníbàárà náà ń dúnàá-dúrà jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra gáàsì lọ́dọọdún ti ń sanwó náà, kò kàn mọ̀ ni. Ẹ ṣàlàyé fún un, kí ẹ fi ihò hàn án, kí ẹ kọ ibi tó wà sínú rìsíìtì. Bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má rọ gáàsì.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ohun tí ẹ bá ṣe lójú ọmọ iṣẹ́ ni yóò máa ṣe fún ọgbọ̀n ọdún. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù fún ẹnikẹ́ni tí kò bá lè wá ibi tó ń jò fúnra rẹ̀, kó dí i, kó sì dán an wò lójú yín.