Madrid 2004: Ṣé Àdó Olóró Ló Yan Olórí fún Sípéènì, àbí Òtítọ́ Tí Ìjọba Kò Sọ?



Lọ́dọọdún, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi máa ń ṣe ìrántí àwọn tí àwọn apániláyà pa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Madrid, olú-ìlú Sípéènì, ní Ọjọ́bọ̀ 11 oṣù kẹta ọdún 2004 ló mú kí wọ́n yan ọjọ́ náà. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, àmọ́ àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e kò tíì tán nílẹ̀. Àwọn kan ṣì ń sọ pé àwọn apààyàn ló dìbò yọ ìjọba Sípéènì, pé ẹ̀rù ló ba àwọn ará ìlú tí wọ́n fi yan ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Mùsùlùmí náà, nítorí pé orúkọ ẹ̀sìn wa ni àwọn apààyàn ọ̀hún gbé sórí ìwà wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ ojú irin mẹ́rin ń kó àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bọ̀ ní Madrid láti ọ̀nà Alcalá de Henares. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àdó olóró mẹ́wàá bú gbàù nínú wọn, ní Atocha, ní El Pozo, ní Santa Eugenia àti nítòsí òpópónà Téllez. Ènìyàn 191 ló kú, àwọn tó farapa sì lé ní 1,800. Kì í ṣe ọmọ Sípéènì nìkan ló bá a lọ. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ajé láti Romania, Ecuador, Peru àti Mòrókò wà níbẹ̀. Mùsùlùmí wà lára àwọn òkú náà.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n dìbò. José María Aznar ni olórí ìjọba. Òun fúnra rẹ̀ kò du ipò mọ́. Mariano Rajoy ni ẹgbẹ́ rẹ̀, Partido Popular, fà kalẹ̀. José Luis Rodríguez Zapatero ló ń bá wọn du ú lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn Sósíálíìsì. Aznar wà lára àwọn ọ̀rẹ́ tó dúró ti Ààrẹ George W. Bush gbágbáágbá lórí ogun Ìráàkì. Òun, Bush àti Tony Blair jọ ṣèpàdé ní erékùṣù Azores ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2003, kò sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ogun fi bẹ̀rẹ̀. Sípéènì kó ọmọ ogun bí 1,300 lọ sí Ìráàkì, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ìlú kò fara mọ́ ogun náà rárá. Síbẹ̀, kí àdó olóró tó bú, ẹgbẹ́ Aznar ni àwọn tó ń wádìí èrò ará ìlú rò pé yóò wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà, Ángel Acebes, mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, jáde sọ pé ẹgbẹ́ ETA ló ṣe é, pé kò sí iyèméjì níbẹ̀. ETA ni àwọn tó ń fi ìbọn àti àdó olóró jà nígbà náà fún òmìnira ilẹ̀ Basque, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó lé ní 800 sì wà lọ́rùn wọn. Ká sọ tòótọ́, kò burú bí ọkàn ìjọba bá kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Ní ìparí oṣù kejì ọdún yẹn gan-an ni wọ́n mú àwọn ọmọ ETA pẹ̀lú ọkọ̀ tó kó ohun abúgbàù bọ̀ wá sí Madrid. Ìfura kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó burú ni kí ènìyàn sọ ìfura di òótọ́ pọ́ńbélé, kó sì fẹ́ kí gbogbo ayé gbà á bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìjọba náà sì ṣe nìyẹn. Aznar fúnra rẹ̀ pe àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ńlá lórí fóònù, ó ní ETA ni. Ana Palacio, mínísítà fún ọ̀rọ̀ òkèèrè, ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú Sípéènì káàkiri ayé pé kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fọwọ́ sí ìpinnu 1530, tó dárúkọ ETA gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn, nítorí pé Sípéènì ló béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àmọ́ ẹ̀rí mìíràn ti ń yọjú. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn ọlọ́pàá rí ọkọ̀ kan ní Alcalá de Henares. Wọ́n bá ohun èlò tí wọ́n fi ń ta àdó olóró nínú rẹ̀, àti téèpù tí wọ́n gba kíké Kùránì sí. Ní òru, wọ́n rí àpò kan tí àdó olóró inú rẹ̀ kò bú. Fóònù alágbèéká tó wà nínú àpò náà ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n mú ní ọjọ́ Sátidé: ọmọ Mòrókò mẹ́ta àti ọmọ Íńdíà méjì. Ní gbogbo àsìkò yìí, ETA ni ìjọba ṣì ń tẹnu mọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn jáde sí ìgboro káàkiri Sípéènì láti ṣọ̀fọ̀. Òjò ń rọ̀ sí wọn lára ní Madrid, wọn kò padà sílé. Nínú ọ̀fọ̀ náà ni ìbéèrè ti ń jáde pé ta ló ṣe é gan-an. Nígbà tó di alẹ́ Sátidé, àwọn kan lọ dúró síwájú ilé ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí oyè, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ òtítọ́ káwọn tó dìbò.

Ní ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù kẹta, wọ́n dìbò. Nínú ìdìbò ọdún 2000, nǹkan bí ènìyàn 69 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ló jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fò sókè dé nǹkan bí 76. Ẹgbẹ́ Zapatero gba àga 164 nílé aṣòfin, ẹgbẹ́ Aznar gba 148. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, Zapatero pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun Sípéènì máa bọ̀ nílé láti Ìráàkì.

Ibẹ̀ ni ariwo ti gba ayé kan. Ọdún ìdìbò ni ní Amẹ́ríkà náà. Dennis Hastert, olórí ilé aṣojú-ṣòfin wọn, sọ pé ńṣe ni àwọn ará Sípéènì ń wá ojúrere àwọn apániláyà. Ààrẹ Bush ń rọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má yẹsẹ̀. John Kerry, tó ń bá Bush du ipò, kò fẹ́ kí wọ́n pe òun náà ní ojo. Ó rọ Zapatero pé kó tún èrò rẹ̀ pa lórí kíkó ọmọ ogun kúrò. Báyìí ni òkú àwọn ẹni ẹlẹ́ni ṣe di ohun tí àwọn olóṣèlú ilẹ̀ òkèèrè fi ń bá ara wọn jà.

Ní tiwa, a kò gbà pé àdó olóró ló yan olórí fún Sípéènì. A kò lè búra pé kò sí ẹni tí ẹ̀rù bà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó hàn sí gbogbo ayé. Lákọ̀ọ́kọ́, Zapatero ti ṣèlérí ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí pé òun yóò kó àwọn ọmọ ogun kúrò ní Ìráàkì bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò bá gba àkóso ibẹ̀. Ìlérí tó ti wà nílẹ̀ ló mú ṣẹ. Èkejì, Sípéènì kò sá fún ogun àwọn apániláyà, nítorí ìjọba Zapatero yìí kan náà ló fi kún iye ọmọ ogun rẹ̀ ní Afghanistan. Ẹ̀kẹta, àwọn apààyàn ọ̀hún kò gba ìyípadà ìjọba bí ìpẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, lẹ́yìn tí Zapatero ti wọlé, wọ́n tún rí àdó olóró lójú irin tí ọkọ̀ ayára-bí-àṣá ń gbà láti Madrid lọ sí Seville. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọlọ́pàá ká àwọn tí wọ́n ń wá mọ́ inú ilé kan ní Leganés, wọ́n fi àdó olóró pa ara wọn, wọ́n sì pa ọlọ́pàá kan mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé àdó olóró ló yí ìjọba padà, ńṣe ló ń gbé adé tí kò tọ́ sí apààyàn lé e lórí. Ohun tí àwa rí ni pé àwọn ará ìlú ti bínú tẹ́lẹ̀ nítorí ogun tí wọn kò fẹ́, nígbà tí wọ́n wá ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n rí i pé àwọn alákòóso ń ṣírò ìbò lórí òkú. Bí ó bá jẹ́ pé Aznar sọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà pé, "A ń fura sí ETA, àmọ́ a kò tíì mọ̀," bóyá ìtàn ìbá yí padà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ àwọn 28 tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó dá 21 lẹ́bi, kò sì rí ẹ̀rí kankan pé ọwọ́ ETA wà níbẹ̀.

Ẹjọ́ náà tún fi nǹkan mìíràn hàn. Àwọn tó gbé àdó olóró náà sínú ọkọ̀ ń pe ara wọn ní Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ohun abúgbàù tí wọ́n lò, ibi ìwakùsà kan ní Asturias ló ti wá, ọmọ Sípéènì kan tó ti ṣiṣẹ́ awakùsà rí ló sì tà á fún wọn. Ibi kò mọ ẹ̀yà, kò sì mọ ẹ̀sìn. A kò sọ èyí láti fi bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọdún kan pé, ní oṣù kẹta ọdún 2005, Àjọ Ìsìláàmù ti Sípéènì gbé fátúwà jáde lórí Osama bin Laden, wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ti fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Wọn kò dúró de ẹni tí yóò fipá mú wọn, wọn kò sì tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá. Wọ́n kàn sọ òtítọ́ síta ni.

Ẹ má sọ pé Sípéènì jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2005, ó kan Lọ́ńdọ̀nù, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé. Ènìyàn 52 ni wọ́n pa. Anthony Fatayi-Williams wà nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Nàìjíríà, ẹni ọdún 26. Ta ni Mùsùlùmí Yorùbá tí kò mọ orúkọ Fatayi? Ìyá rẹ̀, Marie, ẹlẹ́sìn Kátólíìkì, dúró sí ìgboro Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú fọ́tò ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń bi aráyé léèrè títí ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa ṣàn. Níbẹ̀ náà, kò pẹ́ tí iyàn fi bẹ̀rẹ̀ bóyá ogun Ìráàkì ló fà á. Blair ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tọ́ kí ará ìlú béèrè ohun tí ogun tí olórí wọn jà kó bá wọn, ìbéèrè yẹn kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n dá apààyàn láre. Ẹ jẹ́ ká máa ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ilé wa, pàápàá níwájú àwọn ọmọ.

Kí ni ká rí kọ́? Àmánà ni ipò olórí. Ìròyìn tó wà lọ́wọ́ olórí nígbà ìpọ́njú, àmánà ni. Olórí tó bá sọ pé òun kò tíì mọ̀, tó sì ń wádìí, kò tíì dójú ti ara rẹ̀. Ní tiwa tí a kì í ṣe olórí, Ọlọ́hun ti kìlọ̀ fún wa nínú Súrátul-Hujuraat pé ká máa wádìí ìròyìn ká tó gbà á gbọ́, ká má baà ṣe ẹni tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ níbi. Àṣẹ yẹn kan ohun tí à ń tàtaré lórí WhatsApp náà. Bí ibi bá ṣẹlẹ̀ níbikíbi, kí á má yára dárúkọ ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kankan, kí á má sì yára búra pé kò lè jẹ́ ara wa. Ká kọ́kọ́ kẹ́dùn pẹ̀lú àwọn tó ń sunkún, ká wá dúró de ẹ̀rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní Sípéènì, ọjọ́ mẹ́ta ni.

Kí Ọlọ́hun Ọba tu gbogbo ìdílé tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú, kó fún wa ní olórí tó ń sọ òtítọ́, kó sì dá ẹnu àwa náà dúró lórí òtítọ́. Āmīn.